Ẹni Tí Yóò Máa Kú Dípò Akúdìde

Ikú ni ọkùnrin yìí ń kú jẹun. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sójà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, pápá kan wà tí koríko rẹ̀ ti bó láàárín. Ẹ̀yìn ọkùnrin yìí ló bó o. Láràárọ̀, wọn á fi aró pupa kùn ún nítan, wọn á lẹ rọ́bà mọ́ ọn láyà bí ojú ọgbẹ́, òun náà á dùbúlẹ̀ sínú eruku, á máa ké pé, "Mo kú o! Ẹ gbà mí o!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sáré dé, wọn á dì í, wọn á gbé e, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ wọn á jù ú sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣe tán, á dìde, á gbọn ara nù, á tún lọ dùbúlẹ̀ de àwọn tó kàn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo bárékè fi ń pè é ní Akúdìde.

Sójà ni òun náà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ láti sáré mọ́ ni wọ́n fà á wá síbẹ̀, tí wọ́n ní kó bá wọn ṣe é fúngbà díẹ̀. Fúngbà díẹ̀ yẹn ló di ewú lórí rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ilé wọn náà ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ọkọ tèmi nìkan ló ń kú láàárọ̀, tó ń béèrè oúnjẹ nírọ̀lẹ́." Wọn á rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n tí Akúdìde bá wọlé, tó kọ́kọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú kó tó lè jókòó, ẹsẹ̀ obìnrin náà á dúró lórí máṣíìnì. Á lọ gbé omi gbígbóná wá, á ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, á fún un, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nídìí.

"Bàbá wọn, ẹ sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́."

"Ta ni yóò wá máa ṣe é?"

"Ẹni tó ń ṣe é kí wọ́n tó bí yín."

Akúdìde á mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, á tún lọ kú.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sí i lára, ọ̀já itan ló kórìíra jù. Igi kékeré kan wà lára ọ̀já náà tí wọ́n máa ń lọ́ yípo, títí yóò fi fún itan pa, kí ẹ̀jẹ̀ má baà tú jáde mọ́. Tí wọ́n bá lọ́ ọ débi tó yẹ, ẹni tó ni itan á ké bí ẹni tí wọ́n ń fi iná jó. Ara kì í ṣe igi. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ́ ọ díẹ̀, Akúdìde á sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ọmọ mi, rọra, ó ti tó." Akẹ́kọ̀ọ́ á rọra. Olùkọ́ náà á gbójú kúrò, torí ta ló fẹ́ kí ẹsẹ̀ àgbàlagbà kú sí òun lọ́wọ́? Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn láàárín wọn.

Ogun wá ń lọ lọ́hùn-ún, àwọn tí wọ́n kọ́ sì ń lọ síbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn padà wá. Ó ga, ó tín-ín-rín, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n máa ń pè é nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ọ́fíìsì ọ̀gá dókítà ló wọ̀ lọ tààrà, ìyẹn obìnrin ológun tó ni àkóso ilé ẹ̀kọ́ náà. Akúdìde ń po aró nínú yàrá kejì. Ilẹ̀kùn àárín wọn ò padé, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń bọ́ sí i létí.

"Ọ̀gá, mo dì í," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sọ. "Mo dì í bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ò dúró."

"Ṣé o lọ́ igi rẹ̀ débi tó yẹ?"

"Mo lọ́ ọ débi tí mo máa ń lọ́ ọ dé lára Bàbá Akúdìde. Ó ń ké, Ọ̀gá. Ọ̀rẹ́ mi ni. Bó ṣe ké báyìí, ọwọ́ mi dá dúró fúnra rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé, ó ti lọ."

Akúdìde gbé abọ́ aró kalẹ̀, ó lọ fọwọ́, ó fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, aró ò tètè lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá a nígbà tó jáde. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán, ọmọ mi. O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bàbá."

Irọ́ ni, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọn ì bá tún sọ?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ Akúdìde tutù síwájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ béèrè títí ó fi sọ ọ́. Obìnrin náà pa máṣíìnì tì.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ yìnbọn ni?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa fi ènìyàn alààyè kọ́ṣẹ́?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n rọra."

Obìnrin náà gbé oúnjẹ náà, ó lọ gbé e kaná padà.

Ọ̀gá dókítà ò jẹ́ kọ́rọ̀ náà sùn. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ àwọn ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n ra ọmọláńgidi aláìsàn, irú èyí tó ń mí, tó ń ṣẹ́jú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ènìyàn, tí ènìyàn lè fún pa kí ẹnikẹ́ni má sì rọ. Ńṣe ni wọ́n máa ń ní kó ní sùúrù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dání lọ bá wọn, ó ní kó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún òun. Wọ́n gbà. Ó bá ránṣẹ́ pe Akúdìde.

"Bàbá, látọjọ́ yìí ẹ̀yin lẹ ń gbọgbẹ́ fún wa. Ẹ wá bá mi wo ẹni tí yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ọ̀gá, kí n fọwọ́ ara mi yan orogún?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́jà tó ń ta ọmọláńgidi kó ọjà wọn dé, kíláàsì ńlá kún. Fáànù òkè ń dún bí ẹni tí eyín ń ro, kò sì fẹ́ atẹ́gùn. Ọlọ́jà àkọ́kọ́ wọ kóòtù tó ń dán, ọmọláńgidi rẹ̀ sì rẹwà bí ọkọ ìyàwó. Ó lajú, ó ní, "Àyà ń dùn mí." Àwọn ọ̀gá tó ti olú iléeṣẹ́ ológun wá pàtẹ́wọ́, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Wọ́n ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dì í ní dídì ọmọdé. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá.

Ọ̀gá dókítà tẹjú mọ́ ọn. "Kí ló dá ẹ̀jẹ̀ yìí dúró?"

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ sókè, bọ́tìnnì kékeré kan wà níbẹ̀. "Èmi ni, Ọ̀gá. Tí mo bá ti rí i pé wọ́n gbìyànjú, mo máa ń dá a dúró fún wọn."

"Lójú ogun," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè, "ta ló ń bá wa tẹ bọ́tìnnì?"

Obìnrin ni ọlọ́jà kejì. Ọkọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà, òógùn bò ó, ó sì dà bí ẹni pé ibi àkọ́kọ́ tó bá rí ló fẹ́ sùn sí. Ọmọláńgidi tirẹ̀ ò ṣe é wò. Imú rẹ̀ tẹ́, awọ rẹ̀ rí bí awọ bàtà àtijọ́, ó sì wúwo débi pé àwọn tó gbé e wọlé ń pe orí wọn.

"Ẹ má bínú, kò lẹ́wà," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní bọ́tìnnì kankan lọ́wọ́. Tí ẹ ò bá fún un débi tó yẹ, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá."

Ọ̀gá ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dì í. Ó mú ọ̀já náà, ó wé e mọ́ itan, kò fọwọ́ kan igi rẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí Akúdìde. "Bàbá, ẹ bá wa dì í."

Akúdìde ò di ẹnikẹ́ni rí. Òun ni wọ́n ń dì. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí kò fẹ́ kúnlẹ̀, omi pupa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn sí i ní ṣòkòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ igi. Ọmọláńgidi ké. Ó lọ́ ọ débi tó mọ̀, ibi tí ara tirẹ̀ ti máa ń ní ó ti tó, ó dúró níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò dúró. Ọmọláńgidi tún ké, "pẹ̀lẹ́" ti dé ètè Akúdìde, ó gbé e mì. Nígbà náà ló rí i tí ẹnì kan kúnlẹ̀ tì í. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n jọ lọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ dá.

"Ibí ni," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Ibí gan-an ni, Bàbá."

Akúdìde wo igi náà. Láàárín ibi tó máa ń sọ pé ó ti tó àti ibi tó tó lóòótọ́, kò ju kí ènìyàn yí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ. Wọ́n fà á dìde, kò lè dá dìde.

Àwọn ọ̀gá olú iléeṣẹ́ ṣì fẹ́ arẹwà. "Eléyìí ò ṣe é yà ní fọ́tò," ni wọ́n ń sọ.

"Kì í ṣe fọ́tò la fẹ́ fi ṣe," ni ọ̀gá dókítà dáhùn, kò sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n fà á títí ó fi sú wọn. Obúrẹ́wà náà ni wọ́n rà.

Ohùn tí wọ́n ṣe sínú ọmọláńgidi náà ò ju igbe kúkúrú lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀ láti yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gíláàsì, kó máa ké, kó máa dáhùn tí wọ́n bá béèrè ibi tó ń dùn ún. Ta tún ni ì bá ṣe bí kò ṣe Akúdìde? Wọ́n fún un ní àga tó ní tìmùtìmù àti gbohùngbohùn tó ń gbé ohùn rẹ̀ gba ẹnu ọmọláńgidi náà jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti inú gíláàsì, tí wọ́n ń fún itan rọ́bà náà láìwẹ̀yìn, tí òun sì ń ké tí nǹkan kan ò dun òun. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lórí wọn, ó ti di olùkọ́ níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ò yé wò ó nílé. "Wọ́n ti gbé ikú kúrò lọ́rùn yín, ẹ ṣì ń mí bí ẹni tó ru igi."

"Ó ti pẹ́ lára mi," ló dá a lóhùn. "Kò lè lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Obìnrin náà ò jiyàn. Ó ti rán tìmùtìmù mìíràn fún àga rẹ̀, torí ó ní ti ìjọba le bí búlọ́ọ̀kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà ìsinmi ráńpẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé búrẹ́dì àti tíì wọ yàrá kékeré náà. Wọ́n ń jẹun lọ. Àfi bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe la ẹnu tó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú, èyí tí kò ṣe rí lójú Akúdìde.

"Kò mọ orin kọ rárá, Bàbá. Kò sì lè ṣe kó má kọ ọ́."

"Báwo ló ṣe máa ń kọ ọ́?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọ́ ohùn rẹ̀ pọ̀, ó kọ ọ́ bí olóògbé náà ṣe máa ń kọ ọ́, ohùn ń já sókè, ń já sí kòtò. Ariwo sọ nínú kíláàsì. Wọ́n ti gbàgbé láti pa gbohùngbohùn. Ọmọláńgidi tó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ bí òkú ló ń kọrin burúkú yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti fọ́n ká, ọ̀kan ti gun tábìlì.

Akúdìde rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó nawọ́ pa ẹ̀rọ náà, ó nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ èyí tó kù.