Ìwé Tó Mọ Ọjà Ọba

Ọjọ́ tí èmi àti Àǹtí Sẹ̀kínátù, ẹ̀gbọ́n mi, lọ ra ìwé atọ́nà fún òkè gígun ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ìyá wa ti fàáké kọ́rí pé a ò ní gun òkè Ẹ̀sà-Òkè láìní ìwé tó ṣeé gbára lé. Ìwé méjì ni olùtàwé kó síwájú wa. Ọ̀kan nípọn, àwòrán rẹ̀ ń dán yanran. Èkejì tín-ín-rín, kò wu ojú. Mo ti gbá èyí tó ń dán mọ́yà.

Àǹtí mi ní, "Dúró ná. A ò mọ òkè, àmọ́ a mọ ọjà yìí. Jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀."

Ìwé tó ń dán ní Ọjà Ọba pa rọ́rọ́, ó dára fún ìgbafẹ́. Ẹ̀rín pa wá! Ìwé kékeré ní, "Bí ẹ bá gbọ́ 'Ẹ yà o!', ẹ má bojú wẹ̀yìn, ẹ yára yà."

Lójijì, alábàárù kan ké lẹ́yìn wa: "Ẹ yà o!"

Àǹtí mi yà. Èmi bojú wẹ̀yìn. Àpò gàrí orí rẹ̀ gbá mi, mo sì jókòó gbì sínú agbọ̀n tòmátì! Ìyá onítòmátì fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Inú agbọ̀n ni mo ti kígbe: "Àǹtí, ẹ bá wa ra ti kékeré yẹn!"

Nígbà tí a gun òkè náà lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí mi ṣí ìwé wa: "Àpáta yìí ń yọ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ..."

Mo ti jókòó kó tó kà á tán.