Mọ́tọ̀ Tí Kò Lè Di Àpò Mú

"Ìyá, mọ́tọ̀ tó ń rin ẹ̀gẹ́ kọ́ ló ń gbé ẹrù. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, àpò á já wálẹ̀."

Ọkùnrin tó ń wé wáyà mọ́tọ̀ iná ní Ìkéré níbí ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín.

"Tuntun lẹ fẹ́ tà fún mi."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ìyá. Mo ti sọ tèmi."

Mọ́tọ̀ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ máa fi fa àpò gàrí lọ sókè, mo sì ti ṣe ìṣirò mi sínú ìwé. Àpò gàrí kan jẹ́ àádọ́ta kílò, mọ́tọ̀ náà sì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tí yóò fa àpò lọ sí yàrá òkè nìkan ni mo rò. N kò ro ohun tí yóò dì í mú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ á dúró, a ó jókòó, a ó máa tàkúrọ̀sọ. Iná tó lọ kò pa ẹnikẹ́ni lára rí lọ́dọ̀ wa.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló ń fi ìkọ́ kọ́ àpò nísàlẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń sọ fún un pé kó di irun rẹ̀ dáadáa kí wáyà tó ń fa àpò má baà gbé e. Lábẹ́ àpò gan-an ló sì ń dúró.

Lọ́jọ́ náà, àpò ti dé ojú fèrèsé òkè nígbà tí iná lọ. Wáyà tú padà. Bàtà ọmọ mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mú un. Àpò já lulẹ̀, ó bẹ́ níbi tí ọmọ náà ti dúró tẹ́lẹ̀.

Ó wo ara rẹ̀, gàrí dé orúnkún. "Mọ́mì, gàrí yín ti dà o."

Lẹ́yìn náà ni mo fi tépù wọn àárín ibi tó wà àti ibi tí àpò bọ́ sí: ẹsẹ̀ bàtà méjì péré.

Nígbà tí ọkùnrin tó ń wé wáyà mọ́tọ̀ náà dé, kò bú mi. Ó gbé mọ́tọ̀ tí wọ́n ṣe fún gbígbé ẹrù wá, ó fọwọ́ kan bíréèkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Iná ló ń tú èyí sílẹ̀. Bí iná bá ti lọ, á gbá mọ́tọ̀ mú."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò kan wá tọrọ mọ́tọ̀ àtijọ́ náà, ó fẹ́ fi fa búlọ́ọ̀kù. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yín gbé ẹrù díẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jìnnà, kí ẹ sì pa iná. Bí ẹrù náà bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má lo mọ́tọ̀ náà. Bó bá tilẹ̀ dúró, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni dúró lábẹ́ rẹ̀.