Ajá Mi Dé Ẹnu Ọ̀nà Ilé Àlájà

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìrì ṣì wà lára gbogbo nǹkan, tí àkùkọ ń kọ bí ẹni tí kò tíì jí tán. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n wá sọ bí Èkó ti rí, ẹ má retí kí n sọ àwọ̀ nǹkan kan fún yín. Ojú mi ti fọ́ láti ọdún mélòó kan. Òórùn, ìró àti atẹ́gùn ni mo fi ń rìnrìn àjò, Dúródèmí ló sì ń mú mi lọ. Ajá ni. Wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ kó máa fi afọ́jú mọ̀nà. Ìjánu tó ní ọwọ́ líle wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ni mo máa ń dì mú; bó bá dúró, èmi náà á dúró.

Ọ̀dọ̀ Àlájà ni mò ń lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n kúrò ní yàrá mọ́. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, èèyàn mẹ́ta ló fà mí wọlé bí àgbò iléyá, Àlájà sì sunkún títí. Mo wá pinnu pé kí ọlọ́jọ́ tó dé, wọ́n gbọ́dọ̀ rí mi tí mo ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé tọ̀ wọ́n lọ.

"Màmá, ajá yìí ńkọ́?" Dẹ́rẹ́bà ló ń bi mí.

"Ojú mi ni."

"Ojú yín á sanwó o."

Mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà fún ara mi, mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fún ojú mi. Lọ́dọ̀ wa níbí, ajá ọdẹ ló ń wọkọ̀, inú búùtù ni wọ́n sì ń jù ú sí. Tèmi sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo sùn, mo jí, mo tún sùn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ àlá nínú ẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn ọ̀sà ló sọ fún mi pé a ti gun afárá: ó tutù, iyọ̀ wà nínú ẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹja.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ní Èkó, èrò a máa ti èèyàn ṣubú. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kàn mí. Mò ń gbọ́ tí bàtà ń sá sọ́tùn-ún sósì níwájú wa, ọ̀nà ń là fúnra ẹ̀, mo sì ń rìn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó wà nínú omi.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Oníkan ni mo ti fẹ́ ra búrẹ́dì fún Àlájà. Ẹ̀ṣọ́ dá mi dúró.

"Mà, ẹranko ò gbọdọ̀ wọlé. Òfin ni."

"Òfin ìjọba ní kẹ́ ẹ má torí ojú mi tì mí síta."

"Mà, ọ̀gá mi lòfin níbí."

Inú bí mi. Mo dúró sójú kan bí òpó, mi ò lọ, mi ò bọ̀. Ó ṣe díẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà fúnra ẹ̀ gbé búrẹ́dì jáde. "Ó gbóná, mà," ó ní, "ẹ rọra dì í mú."

Lásísì, ọmọ Àlájà, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà agboolé. Ó dọ̀bálẹ̀, mo gbọ́ ọ nílẹ̀. Ó dìde.

"Àǹtí Risi, ẹ má bínú. Màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà, ibi tí Ìyá ti ń kírun sì ni. Ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ géètì, kí n fà yín lọ́wọ́ wọlé."

"O ò ní fà mí, Lásísì."

"Àǹtí, ìgbàgbọ́ wa ni."

Mo mọ̀. Abẹ́ òrùlé yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá. Ó dùn mí wọra, mi ò sì rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé. Dúródèmí sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tùràrí ń rùn jáde láti inú ilé, òórùn ìgbà èwe mi gan-an.

Ohùn Àlájà ti yàrá wá. "Lásísì, kí ni ajá náà ń ṣe?"

"Ó sùn, Ìyá. Ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Lásísì a sì máa ka Kùránì fún Àlájà láàárọ̀ Jímọ̀. Àlájà tún bi í pé, "Ìtàn wo lo kà fún mi láàárọ̀ yìí?"

"Tàwọn ọ̀dọ́ tó sùn nínú ihò."

"Ajá wọn ńkọ́? Ibo ló wà?"

"Ẹnu ọ̀nà ni, Ìyá. Ó na ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀."

"Ṣé Ọlọ́run lé e?"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọwọ́ tó ń wọ́ lára ògiri, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ kan. Lásísì sáré lọ bá wọn.

"Má fà mí," Àlájà ní.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé. Wọ́n ní kó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì jókòó sí inú, èmi wà ní ìta, orúnkún wa kan ara wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú.

"Ta ló mú ọ wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, Ìyá."

"Èmi náà," wọ́n ní.

Mo sunkún, ojú ò tì mí. A jẹ búrẹ́dì náà tán níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà délé, pẹ̀lú irun ajá lára aṣọ àti tùràrí nínú gèlè mi. Ẹ ti ń bi mí bóyá mo wọlé. Mi ò wọlé. Ilé ló jáde wá bá mi. Ohun tí mo kọ́ lọ́nà Èkó kò ju ìyẹn lọ: ẹnu ọ̀nà náà ṣeé tẹ́ ẹní sí.