Òyìnbó Tó Kúnlẹ̀ Nínú Fóònù

Táìlì ni mo ń lẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi lè bọ́ mi. Èmi àti bàbá mi la jọ wá sí Èkó láti ìlú wa l'Ọ́ṣun. Bírìkìlà ni bàbá mi. Èmi ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, mi ò ríṣẹ́, ni mo bá tẹ̀lé wọn wá sídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lẹ́bàá títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ tí ọwọ́ bàbá mi ò dé. Wọ́n á mọ ògiri tán, èmi á wá lẹ táìlì sí ilẹ̀ rẹ̀. Yàrá kan la gbà ní Ṣàngótẹ̀dó, lẹ́yìn ọjà, nílé ìyá àgbà kan tí ìdílé wọn ti ń pẹja lórí ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé títì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá mi ti kú. Èmi nìkan ni bàbá mi bí, èmi náà ò sì ní ẹlòmíràn.

Nígbà tó yá, sìmẹ́ńtì gbówó lórí, àwọn tó ń kọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í pa iṣẹ́ tì. Ọ̀sẹ̀ kan á wọlé, òmíràn á jáde, a ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Igbó Ẹfọ̀n ló sọ fún mi pé àwọn èèyàn wà tó ń jẹun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láì jalè. Mo ní kó fi mí hàn wọ́n. Ó ní kí n fara balẹ̀. Èmi? Ebi ń pa mí, o ní kí n fara balẹ̀!

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí gbogbo ọ̀dẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe. Mo sanwó fún ọkùnrin kan tó ní òun á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rówó lórí fóònù. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà, ohùn rẹ̀ ni, ó ń pariwo: "Ẹ jí! Ẹ dìde! Ẹ yéé ronú bíi tálákà!" Mo jí, mo dìde, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá béèrè pé, ọ̀gá, iṣẹ́ wo gan-an ni ká ṣe? Ó ní kí n lọ wá ẹlòmíràn tó máa sanwó bíi tèmi wá. Mo ṣépè fún un dáadáa, àmọ́ èpè kì í dá owó padà.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Mo ní, "Mo mọ táìlì í lẹ̀."

"Ṣé fóònù ni wọ́n fi ń lẹ táìlì ni? Èdè wo lo gbọ́?"

"Yorùbá àti òyìnbó. Bíi tìẹ náà."

Ó ní, "Ta Yorùbá."

Mo rò pé ó tún fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ta ni yóò ra Yorùbá? Ọ̀fẹ́ ni ìyá mi fún mi. Ó wá ṣàlàyé pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sílùú òyìnbó ń wá a, àwọn tó fẹ́ ọmọ wa náà ń wá a, pé ibi kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ àti ẹni tó fẹ́ kọ́ èdè ti ń pàdé. Òun ló bá mi forúkọ sílẹ̀. Mo lọ ya fọ́tò níwájú ògiri funfun ilé kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Ìkàtẹ́, mo rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó nílé. Mo wá jókòó, mo ń dúró. Kò sẹ́ni tó wá. Ẹni àkọ́kọ́ tó padà wá, gẹ̀rọ́gẹ̀rọ́ kan báyìí, èébú nìkan ló ní òun fẹ́ mọ̀. Mo kọ́ ọ ní èyí tó dùn ún bú, ó dúpẹ́ gan-an, mi ò rí i mọ́ títí dòní.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni màmá òyìnbó dé. Irun wọn funfun báláú, ohùn wọn rọ̀. Ọmọ Yorùbá ni ọkọ wọn. Ìyá ọkọ wọn, tó ti darúgbó, ń bọ̀ wá bá wọn gbé lọ́hùn-ún, ìyá náà ò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ìyá náà wọlé àwọn kó sì dà bí àlejò níbi tí kò ti ní ẹni bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní kí wọ́n gbàgbé ìwé, ká kọ́kọ́ mọ ìkíni. Lójú àwọn ìyá àgbà tiwa, ìkíni ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí o bá pa màlúù fún wọn, tí o ò kí wọn dáadáa láàárọ̀, o ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọ̀sán tiwa ni àárọ̀ tiwọn. Bí mo bá ti dé láti sáìtì, tàbí bí mi ò bá rí sáìtì lọ, màá wẹ̀, màá fi ìṣó kọ́ ánkárá kan sára ògiri kí wọ́n má baà rí kóńgò àti ọkọ́ tí bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́, màá wá jókòó sẹ́bàá fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe bí èèyàn. Èmi ni mo máa ń ṣe ìyá ọkọ. Màá yí ohùn padà, màá máa wúkọ́. Màmá òyìnbó á gbé ìrọ̀rí sílẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ lé e, wọ́n á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, mà." Mo sọ fún wọn pé ìkúnlẹ̀ kì í ṣe dandan fún òyìnbó. Wọ́n ní ìyá ọkọ àwọn ni, àwọn fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ kan, òjò lé bàbá mi kúrò lórí iṣẹ́. Wọ́n wọlé jẹ́ẹ́, mi ò gbọ́. Ohun tí wọ́n bá nínú yàrá ni arúgbó òyìnbó kan tó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú fóònù, tó ń tẹrí ba fún ọmọ wọn, àti ọmọ wọn tó ń fi ohùn dídùn sọ pé, "O káre, ọmọ mi. Wàá jèrè." Nígbà tí mo yíjú padà, wọ́n ti jáde. Mo rí wọn níta, wọ́n dúró sínú òjò tí wọ́n ń sá fún.

Wọ́n wà níbẹ̀ títí òjò fi dá. Owó mi àkọ́kọ́ wá wọlé. Nílé wa, owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, iwájú òbí lo máa gbé e sí, wọ́n á súre sí i kí o tó ná an. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e síwájú wọn.

Wọ́n ní, "Gbé e kúrò níwájú mi."

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà.

Wọ́n ní, "Irun orí obìnrin yẹn funfun ju tèmi lọ, ó ń kúnlẹ̀ fún ọ. Oògùn wo lo fi mú un?"

"Yorùbá ni mò ń kọ́ wọn, Bàbá."

"Yorùbá! Tí wọ́n ń sọ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jà níwájú ibí yìí? Òyìnbó wo ló máa fowó ra ẹ kú àárọ̀?"

Kí n má parọ́, bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n, mi ò ní gbà gbọ́. Àwọn onílé tí bàbá mi ń bá kọ́lé ní Ìkàtẹ́ nígbà yẹn, òmíràn ò tíì nírùngbọ̀n. Bí bàbá mi bá béèrè iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe, wọ́n á ní íńtánẹ́ẹ̀tì ni, àwọn òṣìṣẹ́ tó kù á fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gbájú-ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ibẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ bàbá mi nípa iṣẹ́ orí fóònù ti wá. Mo gbé fóònù wá kí n fi hàn wọ́n, wọ́n gbójú kúrò. Inú bí mi, mo ní tó bá jẹ́ olè ni mí, ṣé yàrá yìí ni màá máa gbé? Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn.

Láti ìgbà náà, wọn ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ohun tí mo bá sè, wọn ò ní fẹnu kàn án. Wọ́n ra gààrí tiwọn, wọ́n ń pọn omi tiwọn sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan tí wọ́n ń tì mọ́ inú àpótí. Wọ́n gbé ẹní wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n lọ tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn mí wọra. Mo ní ìríra ni, pé bàbá mi kórìíra mi débi pé ìrẹsì mi ń rùn sí wọn.

Wọ́n wá fún mi ní gbèdéke. Wọ́n ní bí oṣù náà bá fi lè parí tí mi ò jáwọ́, àwọn á lọ sílé, àwọn á kó mọ̀lẹ́bí jọ, àwọn á ní kí ẹnikẹ́ni má pè mí lọ́mọ àwọn mọ́. Kí ni kí n wá ṣe? Kò síṣẹ́ ní sáìtì. Màmá òyìnbó nìkan ni mo ń kọ́. Bí mo bá sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo ti jẹ́wọ́ olè tí mi ò jà nìyẹn. Mo ń bá a lọ, oṣù náà náà ń lọ.

Ọ̀sán kan, ó kù díẹ̀ kó parí, a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà tí bàbá mi wọlé, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ gbà á padà, wọ́n fi ìgbúnwọ́ tì mí sórí ẹní mi. Wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ojú, wọ́n fi òyìnbó tí wọ́n ń bá ẹnjiníà sọ pariwo: "Mádáàmù! Nó sẹ́ǹdì mọ́nì! Nó sẹ́ǹdì!"

Mo ní ó ti tán. Mo ń retí kí màmá òyìnbó pa fóònù. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mi ò mọ̀. Ohun tí màmá òyìnbó rí ni bàbá àgbà kan tó hewú. Wọ́n kúrò lórí àga. Mo gbọ́ bí orúnkún wọn ṣe ró. Orí funfun nìkan ló kù nínú fóònù.

"Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá."

Bàbá mi yanu. Ta ni Yorùbá tí wọ́n máa kúnlẹ̀ kí tí kò ní dáhùn? Wọ́n wo oòrùn tó ń ràn lójú fèrèsé, wọ́n tún wo fóònù. "Ẹ... ẹ káàárọ̀ o."

"Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́."

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Ọmọ ńkọ́?"

Bàbá mi yíjú wò mí lórí ẹní níbi tí wọ́n tì mí sí. Wọ́n ní, "Ọmọ... ọmọ wà." Wọ́n wá rántí pé èèyàn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Wọ́n rọra béèrè pé, "Kí ni ọmọ yìí jẹ́ sí yín?" Màmá òyìnbó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún un sọ.

"Tíṣà mi ni," ni màmá òyìnbó wí. Wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. "Ìyá ọkọ mi ń bọ̀. Kò gbọ́ òyìnbó. Ẹ̀rù ń bà mí."

Bàbá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Ìyá náà á fẹ́ràn yín. Olúwa á jẹ́ kí àárín yín tòrò." Màmá òyìnbó ní àmín. Mo mọ̀ pé "má bẹ̀rù" nìkan ló yé wọn níbẹ̀.

Nígbà tí fóònù pa, bàbá mi gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Mò ń gbàdúrà nípa rẹ láti ọjọ́ òjò yẹn."

Mo ní, "Kí n jáwọ́?"

"Rárá. Kí ọwọ́ ọlọ́pàá tètè tẹ̀ ọ́. Kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé níbi tí o ò ti ní dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn èèyàn ní bó bá pẹ́, oníṣègùn wọn á ní kí ọmọ fi ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ṣe oògùn owó." Wọ́n fọwọ́ nu ojú. "Ìyá rẹ sì ti kú."

Kì í ṣe ìríra rárá. Bàbá mi ń sá fún mi nínú yàrá kan tí a jọ ń sùn, wọn ò sì rí ibòmíràn sá lọ.

Ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Wọ́n ní kí n bu díẹ̀ fún àwọn. Mo bù ú wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n jẹ ẹ́ kíákíá bí ọmọdé, wọ́n ní kí n bu tèmi náà, ká jọ jẹ ẹ́. Mo bu tèmi. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo lọ gbé ẹní wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ́ ẹ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.