Orin Ọ̀rẹ́ Mi Tí Gbogbo Ayé Ń Gbà Lọ́fẹ̀ẹ́

Mo rántí ìgbà tí orin ọ̀rẹ́ mi gba gbogbo Ìkòròdú kan, tí tèmi wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà náà ni fóònù tó ń lo mẹ́mórì kádì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ tálákà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Èmi, ọmọ àwọn tó ti Ọ̀ṣun wá háyà ilé. Ohùn tèmi ròkè ju tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá akọrin wa ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Nígbà tí a pinnu láti gbé orin jáde, sítúdíò kan náà la lọ, kálukú sì ṣe tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ló tú àpò fún un. Èmi fi owó iṣẹ́ tíṣà ṣe tèmi.

Kò pẹ́ tí sídì wa jáde ni orin rẹ̀ gbòde. Ẹ dé Ìpakodò, àwọn tó ń kó yanrìn nínú ọkọ̀ ojú omi ń fi ìfé sú u. Ẹ gun ọ̀kadà, òun náà ni. Síbẹ̀, ẹni tó ra sídì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọkùnrin kan tó ní kọ̀ǹpútà lábẹ́ agboòrùn ní Èbúté Ìkòròdú ló ń kó o sórí fóònù fún ẹni tó bá fẹ́. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń gbà, orin fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ènìyàn a dá ọ̀rẹ́ mi dúró lójú títì: “Àǹtí, orin yín ń wọ̀ mí lára o! Mo ti dáńlódù gbogbo ẹ̀!” Ọ̀rẹ́ mi á rẹ́rìn-ín sí wọn. Tó bá délé mi, á bú sẹ́kún.

“Olè ni wọ́n,” ni mo máa ń sọ fún un. “Orin olórin, wọ́n kàn ń gbé e lọ.” Ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń ta mí bí ìjàlọ: kí ló dé tí wọn ò jí tèmi?

Ó ní kí n sin òun lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí òun lè sọ fún ìyá òun pé ọjà ò lọ. Bí a ṣe wọ Ọjà Olúwo la gbọ́ orin rẹ̀ láti inú fóònù ẹlẹ́ja kan. Ìyá rẹ̀ ń jó sí i níwájú àtẹ. Ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé títí, ìyá rẹ̀ kàn ń mi orí.

“Ọmọ mi, igi tó bá so ni wọ́n ń sọ lókò.”

“Màámi, tí wọ́n bá gbé ẹja yín lọ láìsanwó, ṣé ẹ máa jó?”

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹja rẹ̀ padà lórí àtẹ. Nígbà tó yá ó kọjú sí mi, ó ní, “Tìẹ ńkọ́? Mi ò tíì gbọ́ tìẹ o.” Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ló ṣe gún mi. Igi tí ẹnikẹ́ni ò sọ lókò ni mo jẹ́.

Nígbà tí a padà sí Ìkòròdú, ó ní òun máa lọ bá ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yẹn fínra. Mo tẹ̀ lé e.

“Ta ló fún ẹ láṣẹ láti máa pín orin mi?” ni ọ̀rẹ́ mi bi í.

“Àǹtí, ẹ má bínú,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Tí kì í bá ṣe èmi, ta ló máa mọ̀ yín?”

“Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n mọ̀ mí ni?”

Níbi tí ìjà dé nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn ara mi: “Tèmi ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀?”

Ọkùnrin náà wá a títí. “Kò sí o. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀ rí.”

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹyọ kan nínú sídì mi kì í kúrò nínú báàgì mi? Mo yọ ọ́, mo nà án sí i. “Gbà, kó o sí i. Ọ̀fẹ́ ni.”

Ọ̀rẹ́ mi wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. “Èmi ń bá olè jà,” ló wí, “ìwọ ń bẹ olè kó wá jí tìẹ.”

“Ó wù mí kí wọ́n jí i!” ni mo pariwo, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi sì yíjú sí wa. “Ẹ̀bùn ni wọ́n fún ẹ, ò ń sunkún!” Ẹyin lohùn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n kó orin mi sínú kọ̀ǹpútà yẹn lóòótọ́. Títí ọkùnrin náà fi kó kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi parí ìjà, nítorí kò lè bínú pẹ́. Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù rẹ̀ láti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ó kọ orin kan sí mi létí, èyí tó ti ṣe sílẹ̀ fún sídì kejì. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ní ìgbà wo ló máa wọ sítúdíò. Ó rẹ́rìn-ín. “Kí n tún lọ gbé e fún wọn?” Ló bá ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Kò gbé orin jáde mọ́. Ẹja ló ń tà báyìí, ó sì rí ṣe. Àwọn ọmọ mi ń gba orin tó bá wù wọ́n sórí fóònù, tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, “Mọ́mì, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.” Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn ń ṣe é nígbà yẹn. Gbogbo èèyàn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́, èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń jowú rẹ̀.

Orin tó kọ sí mi létí lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ìkórè bá ń bọ̀, tí àwọn akọrin bá ń wá orin tuntun, á wá dúró sí mi lọ́fun. Mo máa ń gbé e mì. Kì í ṣe pé ó fún mi. Ó kàn kọ ọ́ kí n gbọ́ ni.