Họ́ọ̀nù Ẹ̀ẹ̀mẹta

Bí ẹ bá dé Agric ní Ìkòròdú, tí ẹ ní ẹ ń wá Ọláwuyì Oníbéèsì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ júwe fún yín, torí ṣọ́ọ̀bù tèmi ló kọjú sí títì. Bùsàrí lorúkọ mi, bátìrì ni mò ń cháàjì. Ẹ̀yìn mi gan-an ni Ọláwuyì wà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọ Ìkirè ni. Àpò irinṣẹ́ kan àti ẹnu tí kì í sinmi ló gbé wá sí Ìkòròdú. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń jà, tí a sì jọ ń jẹun.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí orin máa dún kìjìkìjì nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó dúró tí kì í ṣàlàyé fún. "Búùtù ló ń gbé béèsì yín mì. Ẹ ra wúfà ńlá tó ń gbé béèsì jáde, ẹ gbé e sí búùtù, irin ẹ̀yìn ìjókòó ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹrù yín ló ń gbọ́ orin!" Á wá gé irin náà, á kọjú àpótí wúfà sí ihò tó gé, á dí gbogbo etí rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà á tú inú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á lẹ rọ́bà dúdú tí wọ́n fi ń dí òrùlé tó ń jò mọ́ gbogbo irin, kó má baà gbọ̀n, kí ohùn má sì jò síta. Ẹ má sọ fún un pé mo sọ ọ́, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ yẹn dójú àmì.

Bó ṣe ń dán iṣẹ́ wò ló yàtọ̀. Á ní kí oníbàárà jókòó sínú ọkọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á yí orin sókè. Èmi á gbé họ́ọ̀nù tírélà kan tí mo so mọ́ bátìrì, màá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ọkọ̀. Gbogbo Agric á gbọ́, ìyá oníbúrẹ́dì á sì ṣépè fún mi. Ọláwuyì á wá ṣílẹ̀kùn, á béèrè pé, "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?" Bí oníbàárà bá ti ní òun ò gbọ́, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bó bá gbọ́, Ọláwuyì á tún tú ilẹ̀kùn. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ họ́ọ̀nù yẹn ju bátìrì lọ.

Dùnsìn, ọmọ Èjìnrìn, ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ tí a ṣe tirẹ̀ tán, mo tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta. Mò ń wò ó láti ojú gíláàsì ẹ̀yìn, ó dijú, ó ń mi orí. "Họ́ọ̀nù wo?" ló bi wá nígbà tó jáde. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, bíréèkì típà oníyanrìn kan já lọ́nà Ìtòìkín. Awakọ̀ náà tẹ họ́ọ̀nù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹja létí ọ̀nà sá, ọlọ́kadà sá, ewúrẹ́ pàápàá sá. Dùnsìn nìkan ni kò yà. Òun nìkan ló sì wà nínú ọkọ̀ nígbà tí típà náà gorí rẹ̀, ó sì kú.

"Wọ́n ti dí i létí," ni gbogbo èèyàn ń wí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Èmi àti Ọláwuyì lọ kí bàbá rẹ̀, Bàbá Sàlàkọ́, ní Èjìnrìn, àwa náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, wọn ò mọ èyí tí inú ń run. A ò wo ojú ara wa títí a fi padà délé.

Láti ìgbà yẹn, bí Ọláwuyì bá ti yí orin sókè, á tún sáré yí i wálẹ̀. "Bọ̀dá Bùsàrí, ta ló ń tẹ họ́ọ̀nù?" Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀sán gangan ni o. Kò lè ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ara rẹ̀ mọ́, òjò ì báà máa pa á. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí rẹ̀ ti ń dàrú. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti bátìrì mi jẹ́jẹ́, mo gbọ́ họ́ọ̀nù lẹ́yìn mi, lẹ́ẹ̀mẹta. Họ́ọ̀nù mi wà nílẹ̀, wáyà rẹ̀ ò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo kó o sínú àpò sìmẹ́ńtì, mo so àpò náà lẹ́nu.

A wà báyìí fún oṣù márùn-ún, kí ìyá àgbà kan tó gbé bátìrì sólà wá láti Ìbẹṣẹ̀. Bó ṣe jókòó dè é, mo bi í bóyá ọmọ Ìbẹṣẹ̀ ni.

"Rárá o. Èjìnrìn nilé mi. Wọ́n lé mi ni."

Ìbíjọkẹ́ lorúkọ rẹ̀, àbúrò Bàbá Sàlàkọ́. Òun ló tọ́ Dùnsìn lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Dùnsìn, "ọmọ náà" ló ń pè é.

"Ọmọ náà gbé ariwo kan wọnú ọkọ̀. Mò ń pè é, mò ń gbá gíláàsì, kò gbọ́. Inú bí mi. Mo ní, 'Etí tí ò gbọ́ ìpè yìí ni yóò pa ọ́!' Gbogbo agboolé gbọ́ mi. Ọjọ́ kẹta ló kú. Wọ́n ní èmi ni mo dí i létí." Ó nu ojú. "Ẹyin lọ̀rọ̀, ọmọ mi. Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Ẹnu mi ló pa á."

Ẹ̀mú jábọ́ lẹ́yìn wa. Ọláwuyì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ìyá náà ṣe gbé bátìrì rẹ̀ lọ tán ló wọlé tọ̀ mí wá.

"Ẹ lọ tú àpò yẹn," ó ní.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa wá ni? Ẹni tó kú ti kú!"

"Ẹni tó wà láàyè ńkọ́, Bọ̀dá Bùsàrí?"

Mo bú u. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Síbẹ̀, mo tú àpò náà.

Ọkọ̀ Ọláwuyì fúnra rẹ̀, tó ṣe bákan náà, la gbé lọ sí Èjìnrìn. Ọjọ́ ọjà ni. Ó bẹ Bàbá Sàlàkọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jókòó sínú ọkọ̀, ó yí orin sókè, ó ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ họ́ọ̀nù. Àwọn tó wà lọ́jà sá jáde, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi yíjú sí wa. Bàbá jókòó, wọ́n di ọ̀pá wọn mú, wọn ò mira.

Ọláwuyì ṣílẹ̀kùn. "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Kí ni kí n gbọ́ nínú ariwo yìí?" Ìgbà náà ni wọ́n rí èrò tó pé lé wa lórí, tí ọmọdé kan ṣì fọwọ́ dí etí. Wọ́n wo họ́ọ̀nù ọwọ́ mi. Wọ́n fa ilẹ̀kùn tì fúnra wọn, wọ́n sì juwọ́ sí mi pé kí n tún un tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú wọn ò kúrò ní ọwọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ọkọ̀ náà. "Ta ló ṣe ti Dùnsìn?"

Ọláwuyì ti dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló tẹ họ́ọ̀nù lọ́jọ́ náà?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

Mo fẹ́ kí wọ́n gbé wa ṣépè. Wọn ò ṣépè. "Ẹ gbé mi lọ sí Ìbẹṣẹ̀," ni wọ́n wí. A yí gbogbo gíláàsì ọkọ̀ wálẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, bí típà bá sì ti tẹ họ́ọ̀nù lẹ́yìn wa, Ọláwuyì á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró.

Ìyá Ìbíjọkẹ́ ń yí ẹja lórí iná nígbà tí a dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí fìlà. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣí fìlà fún àbúrò, àmọ́ Bàbá Sàlàkọ́ ṣí i, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ fún un, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Èmi ni Ìyá Ìbíjọkẹ́ yíjú sí.

"O tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́?"

"Kò gbọ́, Mà."

"Kí n tó sọ̀rọ̀ yẹn rárá?"

"Kí ẹ tó sọ ọ́, Mà. Lọ́jọ́ tí a ṣe ọkọ̀ náà tán."

Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tó dúdú fún èéfín kan ètè rẹ̀.

"Dùnsìn," ó ní. "Dùnsìn ọmọ mi, kì í ṣe ẹnu mi."