Ibi Tí Orin Bùrọ̀dá Múfú Ti Ń Dákẹ́

Ìyá àgbà mi, Àlájà Sàláwà ti agboolé wa ní Sabonjida, àdúgbò kan ní Tamale lápá àríwá Ghana, ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi ìdí tí orin Bùrọ̀dá Múfú fi máa ń dákẹ́ láàárín. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò rántí sọ ọ́ fún ọmọ bíbí inú mi, àfi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Vittin, nínú ìlú kan náà. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa sì ti bo alùpùpù mi lẹ́bàá ògiri bí ẹni pé wọ́n da ata gígún lé e lórí. Ọmọ mi obìnrin fọwọ́ kan fóònù rẹ̀, gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ti mọ orin náà kí ohùn ènìyàn tó wọ inú rẹ̀. Ọkùnrin kan kọrin díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójijì. Ọmọ náà gbá fóònù lẹ́yìn bí ẹni ń gbá ọmọ tí oúnjẹ há sí lọ́fun.

"Haba, ó ti há."

"Kò há," mo ní. "Ṣe sùúrù."

Ó wò mí bí ẹni tó ti ń ṣàrán. Ọmọ mi yìí gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Hausa ni yóò fi dá mi lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni tirẹ̀ bí inú bá ń bí i. Nítorí rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bàbá àgbà wa ló kó ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ wá sí Tamale láti Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ní ìlú yìí dà bí ẹni tó ní ẹṣin. Ó kọ́ agboolé sí Sabonjida, ó gbin igi dóńgóyárò sí àárín rẹ̀, ó sì kọ́ yàrá ńlá kan tí kò ní fèrèsé sí ẹ̀yìn, níbi tó ń kó táyà àti àpò ẹ̀pà pamọ́ sí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn rọ́bà tuntun tó dàpọ̀ mọ́ ti ẹ̀pà gbígbẹ, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo máa ń padà dà. Bàbá náà ni ládàánì mọ́sálásí kékeré tó fara ti ògiri wa. Kò sí gbohùngbohùn nígbà náà. Yóò fi ọwọ́ kan etí, ohùn rẹ̀ yóò sì gun orí páànù kan dé òmíràn títí yóò fi dé ibi tí wọ́n ti ń so ẹran mọ́lẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ló jogún ohùn náà. Àbúrò bàbá mi ni Múfú í ṣe, Bàbá kékeré ló sì yẹ ká máa pè é, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá ń kọ orin rọ́ọ̀kì kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é ní Bùrọ̀dá. Irun orí rẹ̀ ga bí agboòrùn, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé Ìyá àgbà máa ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ìgbálẹ̀ wọlé mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ló ti gbọ́ àwọn olórin òyìnbó nínú àwo. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń ké e.

"Orin tí ẹ̀ ń kọ yìí," Ìyá àgbà bi í lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹnì kan ló ń lé yín ni?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ìsá, ọmọ Dàgọ́ńbà, àwọn onílẹ̀ Tamale, tí ilé wọn dojú kọ tiwa. Inú ìkòkò Ìyá àgbà ni Ìsá ti jẹun dàgbà. Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá fi bi í léèrè ọmọ ilé ta ni. Òun ló ń ta gìtá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì mìíràn tún wà, ọ̀kan nídìí ìlù, ọ̀kan lórí gìtá olóhùn ńlá. Àwọn méjèèjì ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ọmọ Ọyẹ́ ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn, nítorí inú ọyẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Yàrá ẹ̀pà yẹn ni wọ́n ti ń dánrawò, wọ́n to àpò yí ògiri ká kí ariwo má baà jáde púpọ̀.

Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu pé ládàánì gbà wọ́n láàyè. Bàbá àgbà ní kí òun máa gbọ́ wọn nítòsí sàn ju kí òun máa gbọ́ ìròyìn wọn lọ. Àdéhùn kan péré ló bá wọn ṣe: "Bí ohùn tèmi bá ti jáde, ohùn tiyín gbọ́dọ̀ wọlé."

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Orin tí wọ́n fi ń kẹ́yìn ni èyí tí Múfú fúnra rẹ̀ kọ, nípa odò Yapei tí mọ́tò gbọ́dọ̀ kọjá kó tó lè dé apá gúúsù Ghana, níbi tí Accra wà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: mò ń kọjá odò, mi ò ní bojú wẹ̀yìn. Ó kàn ń tún un sọ ni, ohùn ń gòkè sí i. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti dé ibì kan báyìí nínú rẹ̀, Bàbá àgbà á pe Alásárì. Gbogbo wọn á dákẹ́ wẹ́lo. Wọ́n á lọ kírun, wọ́n á padà wá, Múfú tó ti sinmi á sì fi gbogbo àyà rẹ̀ ké "Odò o" kí wọ́n tó máa bá a lọ. Bí ọwọ́ wọn ṣe mọ orin náà mọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n wá kọ́kọ́ kọ ọ́ níwájú èrò, nínú gbọ̀ngàn sinimá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n dé ibẹ̀ wọ́n sì dákẹ́. Kò sí ẹni tó pe ìrun. Ìsá ti gbé gìtá sílẹ̀. Onílù ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Èrò ń wò wọ́n. Múfú rí i pé ilẹ̀ ti mọ́ bá àwọn níbi tí kò yẹ, ẹ̀rù bà á, ó sì ké e. Ìyá àgbà ní àwọn ènìyàn dìde lórí àga. Láti ọjọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ń sanwó wá gbọ́.

Èyí tó kù nínú ìtàn yìí, ojú èmi fúnra mi ló ṣe.

Múfú àti Ìsá ti pinnu láti jùmọ̀ lọ sí Accra. Ọkọ̀ akẹ́rù oníṣu kan ni yóò gbé wọn lówùúrọ̀. Àyè ẹnì kan péré ló kù nínú ọkọ̀ náà, Múfú sì wọlé sínú rẹ̀ kí Ìsá tó dé. Ó ní òun yóò ránṣẹ́ pè é. Ìsá dé, ó fi aṣọ ìyá rẹ̀ wé gìtá bí ọmọ jòjòló. Wọ́n sọ fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ dóńgóyárò. Ìyá àgbà bu kókó, ẹ̀kọ mímu ti ìlú yìí, fún un, ó fi kóósè gbígbóná, àkàrà wọn, sí i. Kókó náà dì, awọ bò ó lójú. Mò ń ṣeré yí i ká, n kò sì mọ ohun tí mò ń wò. Nígbà tí Bàbá àgbà pe Alásárì ló tó dìde.

Múfú kò ránṣẹ́. Accra gbé e dé Èkó, Èkó gbé e padà sí Accra, ilé ọtí kan dé ìkejì, títí irun agboòrùn náà fi funfun tó sì dín kù. Ó padà sílé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ìsá ti di ẹni tó ń jó irin, tó sì ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ní àdúgbò Choggu. Bí wọ́n bá pàdé ní mọ́sálásí, "Sannu" tí Hausa fi ń kí ènìyàn nìkan ni, "Sannu" ni ìdáhùn, ó parí.

Lẹ́yìn náà ni ẹbí pinnu láti wó yàrá ẹ̀pà, kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Múfú gbọ́, ó wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ kọ orin odò náà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n òun kò lè kọ ọ́ láìsí Ìsá. Mo fi alùpùpù gbé e lọ sí Choggu. Ìsá ń fi iná jó irin mọ́ irin, kò gbójú sókè.

"Màá ta á," ó ní. "Ibi tó wà nígbà tí o ń lọ, ibẹ̀ náà ló máa wà. N kò ní dẹ okùn kankan kí orin lè wálẹ̀ fún ọ."

"Ìsá, ohùn mi ò débẹ̀ mọ́."

"Ohùn tó dé Èkó? Tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá odò?" Ó fẹ́ eruku kúrò lórí irin náà. "Kó gun òkè yẹn wá bá mi."

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Múfú ń sọ̀rọ̀ sí mi létí láti ẹ̀yìn. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan fi àwọn olórin òyìnbó ọjọ́sí han òun lórí fóònù, gbogbo wọn ti hewú, ibi tí wọ́n ti ń ké tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. "Nígbà yẹn, ọ̀fun la fi ń kọrin," ó ní. "A kì í gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ní báyìí tí ọ̀fun ti kúrò níbẹ̀, mo ń gbọ́ ara mi, ọ̀rọ̀ náà ò sì dùn mọ́ mi nínú."

Mo wá sọ ohun tí mo rí lábẹ́ dóńgóyárò fún un. Mo sọ nípa aṣọ ìyá Ìsá àti kókó tó dì. Ó gbá mi léjìká pé kí n dúró. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró pẹ́ díẹ̀ láàárín eruku, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Nígbà tó ṣe, ó gun alùpùpù padà, a sì gba ilé lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kọ ọ́, láàárín ìrun ọ̀sán àti Alásárì. Ẹbí kún inú yàrá náà. Àwọn ọ̀dọ́ gbé fóònù sókè. Ìsá dé pẹ̀lú gìtá, kò kí ẹnì kankan ju bó ti yẹ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi gíga tó wà látijọ́. Múfú wọlé. Ní ìlà kejì, ohùn rẹ̀ là sí méjì. Ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Múfú ń gun òkè náà lọ bí arúgbó tó ru àpò, Ìsá kò sì wò ó. Wọ́n dé ibẹ̀. Wọ́n dákẹ́.

Gbogbo wa mọ ohun tó kàn. Mo rí i tí Múfú mí kanlẹ̀, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ó yíjú sí Ìsá.

Ìsá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí èèkàn àkọ́kọ́ lórí ọrùn gìtá, ó yí i, okùn náà dẹ̀. Ó yí ìkejì. A ń gbọ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bí àgbà tó ń bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó dẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò kánjú. Ó tẹ okùn náà wò, ó sì mi orí sí Múfú pé kó wọlé.

Múfú kò ké. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ní yanrìn nínú ló fi sọ pé: mo kọjá odò, mo bojú wẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi jókòó lábẹ́ igi.

Ọwọ́ Ìsá ṣìnà lórí okùn lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un ṣe, wọ́n sì bá a lọ títí gbohùngbohùn mọ́sálásí fi pe Alásárì. Wọ́n jùmọ̀ lọ kírun.

Yàrá náà ti di ilẹ̀ báyìí. Òórùn ẹ̀pà ti lọ pẹ̀lú rẹ̀, dóńgóyárò nìkan ló kù. Ohun tó wà nínú fóònù ọmọ mi ni ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo ti jẹ́ kó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn dé òpin, ó sì ti gbọ́ àwọn okùn náà bí wọ́n ṣe ń dẹ̀. Ó fọwọ́ kan fóònù, ó dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ta ló jókòó dè ọ́ lábẹ́ igi, tí o kò tíì bojú wẹ̀yìn wò?